Lílù Kì Í Ṣe Ìjà

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó ti ṣe àwọn obìnrin wa ní ibi ju pàṣán lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni "ìjà". Ẹni tí ó bá ti jókòó rí ní kóòtù ìbílẹ̀ ní ìgbèríko, ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya, yóò ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá kí oòrùn ó tó kan àtàrí. Obìnrin a dúró, a ní, "Ó lù mí." Adájọ́ a kọjú sí ọkọ, a ní, "Kí ni ó dá ìjà yín sílẹ̀?" Ní kété tí ó bá ti bèèrè bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ tí obìnrin náà gbé wá ti yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnì kan ni ó na ọwọ́, ẹnì kan ni ọwọ́ bà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pè é ní ìjà, ó di ohun tí ẹni méjì jọ ṣe, ẹni méjì ni yóò sì jọ pín ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn ọlọ́pàá tàbí àwọn lọ́yà. Àwa ni a sọ pé iṣẹ́ wa ni láti mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. A lè jiyàn lórí àmì ohùn kan ṣoṣo títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo fẹ́ kí a fi ìdajì agbára yẹn jiyàn lórí èyí: ohun tí ènìyàn méjì bá ara wọn ṣe ni Yorùbá ń pè ní ìjà. Adìyẹ àti àwòdì kò jà rí. Àwòdì a kàn gbé e lọ ni. Nígbà tí àwọn baba wa ń fi ẹgba na ẹrú, kò sí ẹni tí ó sọ pé olówó àti ẹrú rẹ̀ jà. Èwo wá ni ti aya?

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo jókòó fún ọjọ́ mẹ́fà ní kóòtù ìbílẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ìlú ìyá mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, àwọn tí ó kù yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Gbọ̀ngán kékeré kan ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, àwọn èrò ìwòran a sì máa kún inú rẹ̀ bí ẹni pé eré ni wọ́n wá wò. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni ààrẹ kóòtù náà, àwọn méjì sì jókòó tì í. Kí ẹ má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni bàbá yìí. Ó ní sùúrù, n kò rí i kí ó gba rìbá, bí ọmọ ọwọ́ bá sì ń sunkún, a dá ẹjọ́ dúró kí ìyá rẹ̀ ó fún un lọ́mú. Bí ó bá jẹ́ ìkà ni, ọ̀rọ̀ mi ìbá kúrú. Ènìyàn rere ni, ó sì gbà tọkàntọkàn pé ilé onílé ni òun ń bá tún ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan wá. Gàrí ni ó ń tà. Ó ní ọkọ òun fi ọmọ odó gbá òun lẹ́yìn, ó sì fún òun lọ́rùn títí ojú òun fi ṣú. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi ọrùn han kóòtù. Mo rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Bàbá adájọ́ bi í pé, "Kí ni o sọ sí i kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀?" Ó ní òun bèèrè owó ilé-ìwé ọmọ ni. "Báwo ni o ṣe bèèrè rẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí ná. Ọmọ odó kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohùn tí obìnrin fi bèèrè owó ni kóòtù fẹ́ mọ̀. Kò tíì dáhùn tán tí ọ̀kan nínú àwọn tí ó jókòó ti ààrẹ fi pa òwe fún un pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni ààrẹ bi ọkọ pé ṣé ó ṣì fẹ́ràn aya rẹ̀. Ọkọ ní òun fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Wọ́n bi ìyàwó, kò fọhùn. Wọ́n ní kí wọn ó máa lọ sílé, kí àwọn ẹbí ìhà méjèèjì ó bá wọn parí rẹ̀, kí wọn ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó bi ọkọ pé, "Ṣé òótọ́ ni pé o fún un lọ́rùn?"

Nígbà tí kóòtù túká, mo bẹ akọ̀wé kí ó jẹ́ kí n wo ohun tí ó kọ. Ọmọlúwàbí ni ọmọkùnrin náà, ó ṣí ìwé rẹ̀ fún mi. Yorùbá ni gbogbo wọn sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni. Ó kọ ọ́ pé aya fẹjọ́ sùn pé òun àti ọkọ òun máa ń jà lórí owó, àti pé kóòtù gba àwọn méjèèjì ní ìmọ̀ràn. Ọmọ odó kò sí níbẹ̀. Ọrùn kò sí níbẹ̀. Bí ohun tí ó burú ju èyí lọ bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, ìwé kóòtù ni yóò jẹ́rìí pé gbólóhùn asọ̀ lásán ni ó wà láàrin wọn.

Kì í sì í ṣe àsọdùn ni mo ń sọ. Àwọn tí wọ́n ti ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà lórí bí ọkọ ṣe ń pa aya rí i pé fífún lọ́rùn jẹ́ ọ̀kan nínú àmì tí ó lágbára jù lọ pé ọkùnrin lè pa obìnrin náà lẹ́yìn ọ̀la. Wọ́n sì rí i pé nígbà tí obìnrin bá ń mú ọ̀nà àti lọ pọ̀n ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Kóòtù wa mú obìnrin tí a ti fún lọ́rùn, tí ó ti fi hàn ní gbangba pé ilé náà ti sú òun, ó sì dá a padà sínú yàrá kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Sùúrù ni wọ́n pe èyí.

Wọn a máa sọ fún wa pé bí àṣà wa ti rí nìyẹn. Àṣà ta ni? Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897. 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó kọ ọ́ níbẹ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàrin wa, àti pé àwọn àgbà a máa gbìyànjú léraléra láti bá tọkọtaya làjà. Àwọn ọ̀rẹ́ àṣà a máa ka ibẹ̀ yẹn sí wa létí. Ṣùgbọ́n wọn kì í kà á síwájú, nítorí ìwé kan náà ni ó sọ pé aya lè bèèrè ìkọ̀sílẹ̀ bí ọkọ bá ń ṣe é ní ìṣe ìkà, tí ẹlẹ́rìí sì wà. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí. Ohun tí ó ń wí ni pé ó yẹ kí ẹnì kan wádìí. Ẹni tí kò bèèrè bóyá a fún obìnrin lọ́rùn kò tíì dé ibi tí àwọn baba wa dé ní ayé ogun.

Ohun mìíràn sì wà. Ní àwọn ìlú wa kan, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tí ìyà ọkọ bá sú a máa sá lọ sí ààfin tàbí ilé ìjòyè ńlá, a sì di òpó ilé mú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ tí wọ́n ń pè é, dípòómú. Bí ó bá ti di òpó náà mú, ọkọ kò gbọdọ̀ wọ́ ọ jáde mọ́. N kò sọ pé ọ̀run rere ni ààfin jẹ́ fún un. Ọ̀pọ̀ ni ó bọ́ lọ́wọ́ ọkọ kan tí ó di aya ìjòyè láìròtẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ààbò ni ó kọ́kọ́ ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ ó tó máa bọ̀ lẹ́yìn. Kóòtù òde òní fi ọ̀rọ̀ ṣáájú, a sì wá ààbò tì.

Bí a bá sì kúrò lórí àṣà tí a bọ́ sórí òfin, ìtìjú náà kò dín kù. Ní 1957 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀, tí wọ́n pín àwọn kóòtù náà sí ipò mẹ́rin láti A dé D. Ní 1958 wọ́n gbé ìlànà kalẹ̀ lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, kí àwọn káńsù lè mú un lò. Ìwà ìkà àti ìfìyàjẹni wà nínú ohun tí ìlànà náà kà sílẹ̀ pé ó tó láti tú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ká. Kò sọ pé àfi bí ìfẹ́ bá ti tán. Kò ní kí adájọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó lu ènìyàn bóyá ó ṣì fẹ́ràn ẹni tí ó lù.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀ ni "ìbáwí". (Ìjà tèmi yìí, ìjà gidi ni.) Bàbá adájọ́ kan náà sọ fún ọkọ mìíràn ní ọjọ́ kẹrin pé, "Bí o bá fi ọwọ́ òsì bá a wí, fi ọ̀tún fà á mọ́ra." Òwe tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ọmọ ni a ń pa á fún. Obìnrin tí ó dúró níwájú rẹ̀ ti bí ọmọ márùn-ún, ó sì ju ọkọ rẹ̀ lọ ní owó ọjà. Ta ni ó sọ ọ́ di ọmọdé?

Nígbà tí wọ́n ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Penal Code fún ilẹ̀ Àríwá, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, wọ́n fi abala 55 sí i. Abala náà sọ pé ọkọ tí ó bá aya rẹ̀ wí kò ṣẹ̀, bí àṣà wọn bá gbà á, bí kò bá ti ṣe é léṣe gidigidi. Ìlọrin, Ọ̀fà àti Kàbà wà lábẹ́ òfin náà, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò wa nìkan. Ṣùgbọ́n ní ìhà tiwa níbí, Criminal Code tí àwọn Òyìnbó mú wá kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Abala 295 rẹ̀ ka àwọn tí a lè nà láti fi bá wọn wí: ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ iṣẹ́. Aya kò sí nínú wọn. Òyìnbó amúnisìn tí kò mọ orúkọ wa kò kọ ọ́ pé kí a na aya. Ọmọ Yorùbá tí ó jókòó lórí àga ìdájọ́ ni ó ń fi òwe kọ ọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí owó. Ìyàwó tí ọ̀rọ̀ "ẹ lọ parí rẹ̀" bá ti sú pátápátá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù fún un, òun náà ni kí ó bèèrè pé kí wọ́n tú ìgbéyàwó ká. Bí kò bá fẹ́ kọ ọkọ, bí ó bá jẹ́ pé kí lílù dáwọ́ dúró ni ó ń fẹ́, kò sí ìwé ìpẹ̀jọ́ tí wọ́n lè fún un. Ẹ wo ìyẹn dáadáa: a ní kí ó tú ilé ká kí a tó gbọ́ pé wọ́n ń lù ú nínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá sì gbà láti tú u ká, ọkọ a yọ ìwé jáde, a máa ka ohun tí ó san nígbà ìdáná. Iye kan ni kóòtù yóò sì dá lé obìnrin lórí láti dá owó orí padà. Mo rí obìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ, tí ó ń tú ìṣẹ́po aṣọ, tí ó ń ka owó fún akọ̀wé kí ó lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó yọ eyín náà. Kò sí ẹni tí ó ṣírò iye tí eyín tó. Ó wá di dálémosú, àwọn tí ó kọrin ìyàwó fún un sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹnu bo ọwọ́ bí ó bá ń kọjá.

Àwọn òfin tuntun ńkọ́? Wọ́n wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ní 2015 ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó fi òfin de ìwà ipá sí ènìyàn. Ó sọ pé ẹni tí ó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n títí dé ọdún mẹ́ta, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju N200,000 lọ, tàbí méjèèjì. Ìkíni yẹ fún àwọn tí wọ́n jà fún un. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Àbújá nìkan ni òfin 2015 yẹn fún ní àṣẹ, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò sì ṣe tirẹ̀. Kí ni ìyá alágàrí mọ̀ nípa ilé ẹjọ́ gíga? Láti ìletò rẹ̀, ọkọ̀ méjì ni yóò wọ̀ kí ó tó débẹ̀, lọ́yà ni yóò sì bá a sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá a ní ọ̀rọ̀ ìdílé ni, kí ó lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ a ní ọ̀ràn ìgbéyàwó ni ti àwọn, lílù jẹ́ ti ọlọ́pàá. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sọ ọ́ dà láàrin ara wọn. Kóòtù ìbílẹ̀ ni ilẹ̀kùn ìjọba kan ṣoṣo tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, ibẹ̀ náà ni a ti kọ́ ọ pé ìjà ni ó jà.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa fọ̀. Wọn yóò ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ ni obìnrin náà wá wá? Ọrùn rẹ̀ ni ó fẹ́ kó bọ̀. Wọn yóò tún ní obìnrin a máa parọ́. Ó ṣeé ṣe. Ọkùnrin náà a máa parọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ kóòtù pé kí ó wádìí, nítorí pé àgbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà, àìgbọ́ ti ẹnikẹ́ni rárá sì burú jù ú lọ. Wọn yóò ní àwọn ọkùnrin kan wà tí aya ń lù. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí ọ̀kan ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín sì ju ti àwọn obìnrin lọ. Òun pẹ̀lú sọ pé, "Ó lù mí," òun pẹ̀lú ni wọ́n bi pé kí ni ó dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èyí tí ó wúwo jù lọ nínú èsì wọn ni pé àwọn obìnrin fúnra wọn gbà á bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí ìlera àwọn ará Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 àti 49, 31 ni ọwọ́ ti bà rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Ìwádìí kan náà rí i pé 28 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin gbà pé ìdí kan wà tí ó tọ́ kí ọkọ fi lu aya. Nínú àwọn ọkùnrin, 21 ni. Àwọn obìnrin ju àwọn ọkùnrin lọ! Àwọn kan a fi èyí dá ara wọn láre. Èmi ń bèèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kóòtù láti kékeré, tí ó gbọ́ tí adájọ́ tí gbogbo ìlú bọ̀wọ̀ fún ń bèèrè ohùn tí a fi bèèrè owó, kí ni yóò kọ́?

Àwa ńkọ́? Ìwé ìròyìn a máa tẹ ẹjọ́ kóòtù Mápó ní Ìbàdàn jáde bí ẹni ń tẹ àlọ́, a ó máa kà á fún ara wa ní yàrá, a ó máa rẹ́rìn-ín. Bí àwọn òṣèré wa bá fẹ́ pa èrò lẹ́rìn-ín, wọn a gbé tọkọtaya lọ síwájú adájọ́. N kò ní kí a má rẹ́rìn-ín mọ́ láyé. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹgbẹ́ tí ó ń pe ara rẹ̀ ní olùtọ́jú èdè Yorùbá ní iṣẹ́ kan tí ẹlòmíràn kò lè bá a ṣe.

Àwọn adájọ́ yìí kò nílò lọ́yà láti bi ọkọ léèrè pé, "Ṣé o lù ú? Kí ni o fi lù ú? Ibo ni o ti lù ú?" kí wọ́n tó bèèrè ohunkóhun nípa ìfẹ́. Wọn kò nílò òfin tuntun láti má rán ẹni tí a fún lọ́rùn padà sílé, kí wọ́n jẹ́ kí ó lọ sí ilé baba rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Bí wọ́n bá rí i pé òótọ́ ni ó lù ú, kí wọ́n yọ owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin náà, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà ìwé ẹjọ́ ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èyí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí ẹ má sọ fún mi pé ebi yóò pa ọmọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí akọ̀wé bá kọ "ìjà" sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìwé kékeré kan ní Yorùbá fún àwọn akọ̀wé kóòtù, kì í ṣe ìwé àpilẹ̀kọ, ojú ewé méjì ni mo ní lọ́kàn. Kí ó sọ ìyàtọ̀ láàrin lù, nà, gbá, fún lọ́rùn, tì ṣubú, àti bá jà, kí ó sì fi hàn bí a ṣe ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì láìsọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Kí ó bẹ àwọn akọ̀wé pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu olùpẹjọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Mo ti kọ ojú ewé kìíní, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Èkejì ṣòfo. Mo ń wá ẹni méjì tí ó gbọ́ ẹ̀ka èdè Òkè-Ògùn àti ti Èkìtì dáadáa, nítorí ohun tí wọ́n ń pe lílù níbẹ̀ kò bá tiwa mu, n kò sì fẹ́ kí akọ̀wé kan tún fi àìgbọ́-èdè ṣe àwáwí.